Bàbá Bùsáyọ̀ Tí Wọ́n Ní Ó Ti Afẹ́fẹ́ Mọ́lé

Wọ́n ní bàbá kan wà nílé wa ní Ajégúnlẹ̀ tó ti afẹ́fẹ́ mọ́lé. Ẹ̀yin náà lè ti gbọ́ ọ, torí ọ̀rọ̀ náà rìn dé Boundary, ó tún rìn dé Wharf Road níbi tí wọn ò ti mọ ilé wa rárá. Wọ́n ní bàbá náà ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Wọ́n ní gbogbo Sọ́ńdè, tó bá ti di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan tí kò lára máa ń bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá, òun náà á máa pe orúkọ ìyàwó ẹ̀ tó ti kú, ìyàwó á sì máa dá a lóhùn. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tó fi ti wáìfáì ẹ̀ pa, kí aráyé má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ lójú mi pé fóònù tó bá ti sún mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀, kíkú ló ń kú. Mo ní kó gbé tiẹ̀ wá ká dán an wò. Kò gbé e wá.

Irọ́ ni. Èmi Ràdíátù, ìyá Sùlè, iwájú ilé yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1998. Tapólì ni mo ń rán, aṣọ líle tí àwọn onítírélà fi ń bo ẹrù. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi dojú kọ fàráńdà bàbá náà gan-an. Ẹni tó bá wọlé, ẹni tó bá jáde, ojú mi ló ń gbà kọjá. Tí n kò bá mọ̀ ọ́n, ta ló mọ̀ ọ́n?

Múyìwá lorúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa la ẹnu pe àgbàlagbà lórúkọ? Bàbá Bùsáyọ̀ là ń pè é. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù ní Àpápá ń pè é ní Tálì, torí iṣẹ́ tálì ló fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe. Kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ òkun, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn, kó máa ka ẹrù bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó máa kọ nọ́ńbà kọ̀ǹténà sínú ìwé, kó sì kọ nọ́ńbà síìlì tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá dé wọ́ọ̀fù rí, síìlì ni irin kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà. Tó bá ti wọlé, kì í jáde mọ́ àfi kí wọ́n gé e. Nọ́ńbà wà lára ẹ̀. Tálì á ké nọ́ńbà náà sókè, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á gbọ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù kí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹrù bá dé lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi síìlì yìí sọ́kàn o, n ó padà sí i.

Ní 2006, nígbà tí wọ́n gbé èbúté fún àwọn aládàáni, wọ́n ní kí òun àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ máa lọ sílé. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, Àdùfẹ́ ìyàwó ẹ̀ kú. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Bùsáyọ̀, ó sì ti wà ní Leeds nílùú òyìnbó. Ìwé ìgbélùú ẹ̀ ò tíì pé. Tó bá fi jáde pẹ́rẹ́, wọn ò ní jẹ́ kó padà wọlé. Kò lè wá sin ìyá ẹ̀. Àwa aráalé la bá bàbá sin ín, a sì bá a jókòó títí di ọjọ́ kẹjọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kálukú gba ibi iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹ mọ bí Ajégúnlẹ̀ ṣe rí.

Láti ìgbà náà ni bàbá ti ń ka nǹkan. Kò sí ọkọ̀ òkun mọ́, kò sí kọ̀ǹténà, ohunkóhun tó bá ti rí ló ń kà. Ó máa jáde sí fàráńdà láàárọ̀, á ka bàtà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn èèyàn, á ka kẹ̀kẹ́ tó bá kọjá. Lọ́jọ́ kan ó pè mí: "Ìyá Sùlè, aṣọ méjìlá lẹ sá láàárọ̀, mọ́kànlá ló wà lórí okùn báyìí." Mo fò dìde. Lóòótọ́, ìró mi pupa ti bá ẹsẹ̀ rìn. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀. Tó bá sì ń sọ̀rọ̀, "àwa" ló máa ń sọ. "A ò tíì jẹun." "Ooru ò jẹ́ ká sùn lọ́sàn-án yìí." Òun nìkan ló ń gbé inú yàrá méjèèjì o.

Bí wáìfáì ṣe wọ ọ̀rọ̀ wa nìyí. Ní 2012, Bùsáyọ̀ fi lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ránṣẹ́, ó tún ní kí ẹnì kan ra àpótí kékeré kan ní Warehouse Road fún bàbá òun. Àpótí náà kò ju ìwé hímù lọ, iná aláwọ̀ ewé mẹ́rin ń ṣẹ́jú lára ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fọ́n ńẹ́tíwọ́ọ̀kì sínú afẹ́fẹ́ láìsí wáyà, kí bàbá àti ọmọ lè máa rí ojú ara wọn. Bùsáyọ̀ ló ń sanwó ẹ̀ látọ̀hún. Ẹni tó wá gbé e kalẹ̀ tàn án, ó rí i pé ó ṣiṣẹ́, ó sì lọ. Kò fi àgádágodo kankan sí i.

Linus ló kọ́kọ́ rí i. Linus ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù sókè, nílé ìkẹ́rù kan ní Warehouse Road, ó sì ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn nílé wa. Ó kàn ń kọjá lọ ni fóònù ẹ̀ dún.

Ó ní, "Ah! Bàbá, ẹ ní network? And e no get password?"

Bàbá ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Linus rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ kejì, Queen tó ń dirun lójúlé kejì ti gbé àga tiẹ̀ wá. Kí oṣù tó parí, fàráńdà ti kún. Bàbá lọ kan bẹ́ǹṣì méjì. Ó ra kúlà tó ń bu omi tútù sí. Ojú ewé kan wà nínú lápútọ́ọ̀pù ẹ̀ tó ń fi iye fóònù tó wà lórí ẹ̀rọ hàn, bàbá á lọ wò ó, á jáde bí ẹni tí ọkọ̀ òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá: "Ìyá Sùlè! Mẹ́tàlélógún lónìí!"

Á jókòó sáàárín wọn, á máa sọ ìtàn wọ́ọ̀fù. Ọkọ̀ ìrẹsì tó rì sẹ́nu èbúté. Kọ̀ǹténà tí wọ́n ṣí tó jẹ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló kún inú ẹ̀. Ká sọ òtítọ́, ojú gbogbo wọn wà nínú fóònù. "Ehn-ehn, Daddy," ni Queen á máa dáhùn, fíìmù ló ń wò. Daddy Network ló ń pè é. Bàbá ò bìkítà. Èmi náà a máa pa ẹ̀rọ mi nírọ̀lẹ́, n ó lọ jókòó síbẹ̀, èmi tí fóònù mi nígbà yẹn ò mọ̀ ju kó dún. Ọ̀rọ̀ la bá lọ. Ilé ẹni tí ó dá gbé wá di ilé tí èèyàn ti ń wá àyè jókòó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, Bùsáyọ̀ bímọ lóhùn-ún, obìnrin. Wọ́n ní bàbá ló máa sọ ọmọ lórúkọ láti ìhín, nínú lápútọ́ọ̀pù. Ọjọ́ Sátidé lọjọ́ náà bọ́ sí. Bàbá wọ agbádá tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà ìsìnkú ìyàwó ẹ̀. Èmi ni mo bá a na ọrùn ẹ̀. Ó ní kí n jókòó ti òun. Mo rí wọn lójú ẹ̀rọ, yàrá kékeré kan, èèyàn bíi mẹ́jọ, Bùsáyọ̀ gbé ọmọ dání, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bọ́ọ̀lù wà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mọ Sátidé. Fàráńdà kún, ó ya dé ojú títì, gbogbo wọn ń fi ńẹ́tíwọ́ọ̀kì bàbá wo bọ́ọ̀lù. Pásítọ̀ tó wà lóhùn-ún béèrè pé, "Bàbá, orúkọ wo lẹ fún ọmọ wa?" Bàbá la ẹnu. Àwòrán náà dì. Ojú Bùsáyọ̀ dúró gbagidi, ìpéǹpéjú kan ṣí, ìkejì pa dé. Bàbá ní, "Àdùfẹ́." Kò gbọ́. Bàbá tún un pè. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹrin, ó pè é débi tí ohùn ẹ̀ fi há. Níta, wọ́n kígbe "Gòóòlù!"

Wọ́n dúró dè é lóhùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yàrá àdúrà tí wọ́n yá, wákàtí kan ni wọ́n fún wọn. Ìdílé ọkọ lórúkọ nílẹ̀, wọ́n sọ ọmọ ní tiwọn. Lọ́jọ́ kẹta ni bàbá tó gbọ́ orúkọ ọmọ ọmọ ẹ̀, nínú àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jáde lọ́jọ́ náà pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo rí i tí ètè ẹ̀ ń mì pẹ́pẹ́. Ó ń kà wọ́n. Ó ní, "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ó sì wọlé. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

Bùsáyọ̀ pè é lórí fóònù lásán lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Dádì, èèyàn ti pọ̀ jù lórí ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tì í. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò ní lè ríra wa mọ́, ọmọ ò sì ní mọ̀ yín." Ọ̀rọ̀ tó wọ bàbá lára nìyẹn, pé ọmọ ò ní mọ òun. Lẹ́yìn Bùsáyọ̀, ọmọ yẹn nìkan ló kù nínú ìran tiẹ̀. Ó jókòó ti lápútọ́ọ̀pù, ó fi fóònù sétí, ọmọ ń darí ẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn láti ibi ẹ̀rọ mi. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n tò síbẹ̀, bàbá kọ wọ́n sórí páálí fún mi lẹ́yìn náà: èkíní, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, èkejì, WEP, ìkẹta, WPA, ìkẹrin, WPA2. Bùsáyọ̀ ní kó mú ti ìkẹrin, òun ló le jù. Bàbá mú un. Lápútọ́ọ̀pù ẹ̀ ní òun ò mọ irú ẹ̀ rí, ó ti dàgbà jù. Ilé ti tì, onílé wà níta! Bàbá tún gbogbo ẹ̀ ṣe, ìkẹta náà ò gbà, ó padà mú ti èkejì, WEP, lápútọ́ọ̀pù sì gbà á. Ó béèrè nọ́ńbà mẹ́wàá. Bàbá mú nọ́ńbà méje síìlì tó kọ kẹ́yìn ní wọ́ọ̀fù lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ, ó fi nọ́ńbà mẹ́ta tiẹ̀ níbi iṣẹ́ kún un.

Ìgbà tó ṣe tán, ó gé páálí, ó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: SÍÌLÌ, 4471902316. Ó kàn án mọ́ ara ilẹ̀kùn ẹ̀, níta.

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní wọ́ọ̀fù nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Nọ́ńbà síìlì kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ara kọ̀ǹténà ló wà, inú ìwé ló wà, ẹnu ni wọ́n fi ń ké e. Láràárọ̀, bàbá á ṣí ẹ̀rọ ẹ̀, á wo nọ́ńbà tó wà nínú, á jáde wá wo ti ara ilẹ̀kùn, á fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, "Síìlì pé." Ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ohun tó rò ni pé ẹni tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ já a, tó bá sì já a, òun á rí i. Pé wọ́n ṣì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbà pé òun ni wọ́n wá bá ṣeré. Inú ẹ̀ tiẹ̀ dùn sí i. Ó sọ fún mi pé, "Ẹ rí i, Ìyá Sùlè, kì í ṣe torí ńẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ni wọ́n ṣe ń wá." N kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ní, "Òótọ́ ni, Bàbá."

Sọ́ńdè dé. Agogo mẹ́rin. Bùsáyọ̀ gbé ọmọ sójú ẹ̀rọ, ó tún dì. Bàbá já síta.

"Ta ló já síìlì mi?"

Wọ́n wo ara wọn. Linus ní, "Bàbá, nobody já anything o. Ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. We just read am."

Queen ní, "Daddy Network, ẹ̀bùn la pè é. Mo tiẹ̀ ní 'ẹ ṣeun' nínú mi."

"Nínú yín? Etí wo ni mo fẹ́ fi gbọ́ ti inú yín?" Bàbá fọwọ́ kan páálí náà. "Ó ṣì wà níbí. Kò já. Síìlì kì í dí olè lọ́wọ́, ó ń jẹ́ ká mọ̀ pé olè ti wá ni! Báwo lẹ ṣe wọlé tí kò já?"

Linus ní, "Bàbá mi, this one no dey já. Tẹ́ ẹ bá ti mọ nọ́ńbà, ó ti ṣí nìyẹn. E be like say person lock door come hang the key for outside."

Ẹ̀rín bú. Ẹlòmíì fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́ fún yín. N kò lè mú un mọ́ra. Bàbá wò wá yíká, ojú ẹ̀ dúró lára mi díẹ̀, ó wọlé. Kò ti ilẹ̀kùn pàá, ó rọra tì í ni.

Ọjọ́ Túsídè, Obiageli dé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Boundary tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu ẹ̀ dán ju tèmi lọ. Bàbá ló lọ pè é fúnra ẹ̀. Ó ní kí n wá jókòó tì wọ́n, kò dáa kí ọkùnrin tó dá gbé gba obìnrin wọlé láìsí ẹlẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe rí.

Obiageli yọ páálí kúrò lára ilẹ̀kùn kó tó jókòó. Ó ní, "Dádì, ká tiẹ̀ ní ẹ ò kọ ọ́ síta, ìyẹn WEP yìí ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń lọ́ ọ̀rọ̀ yín pọ̀ kó tó fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́nà má mọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n bákan náà ló ń lọ́ ọ nígbà gbogbo. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tẹ́tí sí i pẹ́ díẹ̀, á mọ bó ṣe ń lọ́ ọ."

Bàbá ní, "Ẹnà ni!"

Èmi náà ní, "Ẹnà ni o!" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ẹnà ṣeré lọ́mọdé á mọ̀ ọ́n, tí a máa ń ki "ga" àti "gi" bọ àárín ọ̀rọ̀ kí àwọn àgbà má baà gbọ́ wa. Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó di ọjọ́ kan ó fi ẹnà bú wa padà.

Obiageli rẹ́rìn-ín. Ó ní WPA2 ni ẹnà tó ń yí ara ẹ̀ padà bí èèyàn bá ṣe ń sọ ọ́, bí ìyá ẹni jókòó tì í fún ọdún mẹ́wàá, kò ní gbọ́. Ti lápútọ́ọ̀pù tó ti dàgbà kọ́ ni ìṣòro, ó yọ nǹkan kékeré kan bí èékánná àtàǹpàkò nínú báàgì, ó kì í bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ti mọ ọ̀nà kẹrin báyìí. Ó ku páásíwọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí bàbá máa fi ṣílẹ̀kùn. Ó ní kó má dín ní lẹ́tà mẹ́jọ, bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ló dáa jù. Kó má jẹ́ orúkọ, kó má jẹ́ ọdún, kó má jẹ́ nọ́ńbà síìlì. Kó jẹ́ gbólóhùn tí ẹlòmíì ò lè rò.

Bàbá ní kí àwa méjèèjì wo ògiri. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. A ń gbọ́ ọ, tọ́, tọ́, tọ́. Obiageli ń kà á lábẹ́lẹ̀. "Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Dádì, páásíwọ́ọ̀dù nìyẹn àbí àdúrà?"

Bàbá ní, "Ohun tí ìyá Bùsáyọ̀ sọ fún mi kẹ́yìn nínú yàrá yìí ni." A ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Obiageli wá béèrè bóyá kó fi orúkọ ẹ̀rọ náà pa mọ́, kó má hàn lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Bàbá kọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa hàn. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé èèyàn ń bẹ níbí." Ó tún ní kó yí orúkọ náà padà. BUSAYO ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá ní kó kọ EKANLEKUN.

"Ẹ kanlẹ̀kùn?"

"Ehn. Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn, tó wọlé, tó kí mi, n ó bá a tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù ẹ̀. Kì í ṣe pé mo fi dù wọ́n. Márùn-ún, mẹ́fà, ìyẹn ò lè di ọmọ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí n mọ ẹni tó wọlé."

Ó dáa. Wọ́n rí i lórí fóònù wọn lọ́jọ́ náà, EKANLEKUN, àwòrán àgádágodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò yé. Ṣùgbọ́n ojú ń ti àwọn kan, inú ń bí àwọn kan. Linus ní, "Who go knock for person wey don pursue am?" Queen ní ó dáa bẹ́ẹ̀, òun kì í tọrọ. Lọ́sẹ̀ kan péré, bẹ́ǹṣì ti gbófo. Ẹnì kan gbé ọ̀kan lọ, bàbá mọ̀, ó kà á. Ìgbà tí èèyàn ò wọ inú ilé mọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ tó ń pe "Àdùfẹ́! Àdùfẹ́!" ní Sọ́ńdè, ohùn kan á máa dáhùn. Ọmọ ọmọ ẹ̀ ni. Orúkọ tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ló fi ń pè é. Orúkọ náà ti mọ́ ọmọ lára.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá èmi kanlẹ̀kùn? N kò kàn án. Ọdún kan àti oṣù méjì. Mo rẹ́rìn-ín sí i lójú ẹ̀, n kò mọ ẹnu tí n ó fi wọlé. Mo máa ń kí i láti ibi ẹ̀rọ mi, á dá mi lóhùn láti ojú fèrèsé. Tí ojúmọ́ bá mọ́, mo máa ń gbọ́ tó ń sọ nínú ilé pé, "Ẹyọ kan." Lápútọ́ọ̀pù tiẹ̀ ló ń kà.

Òjò ló tì mí dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ní Sọ́ńdè, òjò dé bá mi lójijì, tapólì tuntun ti oníbàárà wà nílẹ̀, mo wọ́ ọ sórí fàráńdà bàbá, mo fi ìka ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, kó lè bá mi dì í mú. N kò tíì kàn án lẹ́ẹ̀kejì tó fi ṣí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ló dúró sí.

Kò tiẹ̀ wo tapólì. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Sùlè. Fóònù yín dà?"

Sùlè ọmọ mi ti ra fóònù tó ń rí àwòrán fún mi nígbà náà. Mo fẹ́ sọ pé òjò ló lé mi wá. N kò sọ ọ́. Mo yọ fóònù, mo gbé e fún un. Ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó jókòó, ó wọ jígí, ó fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ náà títí, ó pẹ́ ju àdúrà lọ lóòótọ́. Ẹ má retí pé n ó kọ ọ́ síbí, torí n kò mọ̀ ọ́n. Lójú lápútọ́ọ̀pù, ọmọbìnrin kékeré kan ń juwọ́, bùrẹ́dì lẹ́nu. Àwòrán náà ò dì. Ó mọ́ gaara. Bàbá ní, "Àdùfẹ́, kí Ìyá Sùlè." Ọmọ náà na bùrẹ́dì sí mi.

Ìgbà tí wọ́n parí, bàbá ṣí ojú ewé ìkànìyàn ẹ̀, ó pè mí kí n wá wò ó. Ó fi ìka tọ́ ọ. "Ẹyọ kan, èmi. Èjì, ẹ̀yin." Ó ní, "Méjì, Ìyá Sùlè," bí ẹni pé ẹgbàá ni.

Mo jáde lọ bá Linus. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, pé bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jà, pé kíkàn ló ní kí wọ́n kàn. Ó gbọ́ ọ, ó sì dùn ún, mo rí i. Ó ní, "Ìyá Sùlè, I don dey buy my own data since. Gbogbo wa. Kí ni n ó lọ sọ pé mo wá ṣe níbẹ̀? Ẹ bá mi kí bàbá." Queen ti kó lọ sí Ìkòròdú. Mo jíṣẹ́ ìkíni Linus. Bàbá ní, "Ṣé òun ló ní kí ẹ kí mi, àbí ẹ̀yin lẹ fi kún un?" Mo ní òun ni. Ó mi orí, ó ní kí n kí i padà.

Bẹ́ẹ̀ la wà. Mo máa ń wọlé níbẹ̀ ní Sọ́ńdè tí n kò bá ní iṣẹ́. Tí n kò bá wọlé, fóònù mi wà nítòsí lórí ẹ̀rọ mi, bàbá á sọ láàárọ̀ pé "Méjì," n ó gbọ́ ọ láti ìta, n ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí wọ́n bá tún sọ fún yín pé ó ti afẹ́fẹ́ mọ́lé, ẹ sọ pé ẹ mọ ẹni tó wọlé.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí Sùlè nílùú Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò sì ronú láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo padà dé pẹ̀lú báàgì lórí. Bàbá ti wà lórí bẹ́ǹṣì kan tó kù. Ó gba báàgì lórí mi, ó bi mí léèrè ọmọ, ó bi mí léèrè ọ̀nà. Nígbà tí mo fẹ́ wọlé, ó ní:

"Ìyá Sùlè, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ka ẹyọ kan. Tí ẹ bá tún máa rìnrìn àjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù yín sílẹ̀ fún mi, kó máa tàn."